Ẹ̀jẹ̀ Tí Fareedah Fi Pamọ́

Ọjọ́ ìmọ́tótó ni, Sátidé ìparí oṣù. Ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ rìn ní gbogbo Èkó títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó lè fi ìbínú jáde nílé kó wọkọ̀ lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí Alhaja Sìlífátù fi mú ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti dé sí Festac, láti ilé ẹbí wọn ní Àmúwò, òun àti ẹja ọ̀bọ̀kún méjì nínú kúlà. Kò sọ nǹkan kan lálẹ́. Ó jẹun, ó sùn. Ìgbà tí wọ́n kírun Àsùbáà tán ló pe Àṣírù ọmọ rẹ̀ àti Fareedah ìyàwó ọmọ rẹ̀ sí pálọ̀, ó ní kí wọ́n jókòó.

Kò lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ rárá. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní Satellite Town tó ń jẹ́ Tàwàkálítù, ọmọ ilé kéú ni, ìyá rẹ̀ bímọ rẹpẹtẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìbejì. Àwọn òbí rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, òun àti Àṣírù yóò lọ kí wọn. Ó ní òun kò lé Fareedah lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu. Ilé náà gba obìnrin méjì.

"Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà," ó ní. "Mo ti ṣe sùúrù débi tí sùúrù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Àṣírù mú fóònù rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé ní Mile 2 ni, àwọn awakọ̀ tírélà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì títì, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà níwájú ìyá rẹ̀, ohùn náà a wọlé lọ. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pe ẹnikẹ́ni.

Fareedah fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú lábẹ́ híjáàbù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni nǹkan ti ń fà á níbẹ̀, nísàlẹ̀ ikùn, bí ìgbà tí èékánná bá ń kọ́ aṣọ. Nígbà tó wọ ilé ìtọ̀ láti ṣe àlùwàlá, ó rí ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀, ó sì dúdú bí omi kọfí. Ó fi ìwé ìròyìn wé páàdì tó fi gbà á, ó tì í sí ìsàlẹ̀ garawa ìdọ̀tí, ó tún da èèpo iṣu lé e lórí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni kò rí rí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti lọ ra ohun àyẹ̀wò oyún ní Alákijà, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, nítorí pé gbogbo oníkẹ́míìsì tó wà ní Festac ló mọ̀ ọ́n. Ìlà pupa méjì ló yọ. Ó tún ra òmíràn, méjì náà ló tún yọ. Ó ti pinnu pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí ikùn yóò fi sọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Alhaja ṣì ń sọ irú aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ nígbà tí Fareedah la ẹnu.

"Màmá, mo ti lóyún."

Lẹ́yìn náà ni Alhaja sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, tó fi iwájú orí kan ilẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tí kò tètè dìde. Àṣírù gbé fóònù sílẹ̀. Ó bi í pé ṣé òótọ́ ni, ó ní òótọ́ ni. Omi lé sí i lójú, ó wá dìde, ó dúró síwájú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Alhaja dìde, ó di ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń ṣàdúrà lé e lórí. Fareedah ń ṣe àmín. Ọwọ́ kan ló fi ń gba àdúrà náà, èkejì kò kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó mọ̀ pé ẹnu tó sọ ti oyún ló yẹ kó sọ ti ẹ̀jẹ̀. Ó wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń tàn bí ojú ọmọdé. Kò sọ ọ́.

Níta, gbogbo ará kúlósì, òpópónà kékeré wọn, ti jáde sí gọ́tà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì. Alhaja kò lè pa á mọ́ra. Ó mú ìgbálẹ̀ jáde bí ẹni fẹ́ gbálẹ̀, kò gbá nǹkan kan, kò sì pẹ́ tí Ìyá Jùwọ́nlọ, obìnrin tó ń gbé ní fúláàtì ìsàlẹ̀, fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí Ìyá Jùwọ́nlọ bá ti mọ ọ̀rọ̀, gọ́tà àti afẹ́fẹ́ ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn ará kúlósì yìí kan náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Fareedah láàárín ọdún mẹ́fà yìí. Wọ́n ní ó ti ṣẹ́yún títí nígbà tó wà ní Póòlì, pé ó ti fi ilé ọmọ rẹ̀ ṣeré ọmọge. Wọ́n ní ọkọ ọ̀run ni. Wọ́n ní obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD, tí kò ní tirẹ̀, ó yẹ kó yẹ ara rẹ̀ wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, wọ́n yí i padà. Ìyá Jùwọ́nlọ ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé ojú Fareedah ti ń dán láti oṣù tó kọjá. Ẹlòmíràn ní ọkùnrin ni, nítorí bó ṣe ń rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kó ẹrẹ̀ dà sẹ́bàá ọ̀nà.

Juliana nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ni, inú Festac níbí ni wọ́n ti bí i, fúláàtì tó kọjú sí ti Fareedah ló ń gbé. Òun ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé Fareedah lọ ní ọdún tó kọjá, nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ là. Dókítà ibẹ̀ ní túùbù kan ti dí, èkejì ti fún, kí ó mú ọkọ rẹ̀ wá kí àwọn yẹ àwọn méjèèjì wò. Àṣírù kò lọ. Ó ní òun kọ́ ló ni ilé ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀ nínú ilé wọn, ṣùgbọ́n kò parí nínú Juliana. Ó gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ tán, ó wọlé lọ.

Aago mẹ́wàá lù. Àṣírù wọ aṣọ, ó ní òun ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó padà wá fi ọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ léjìká, ohun tí kì í ṣe níwájú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ.

Alhaja gba kíṣìnnì. Ó ní Fareedah kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan omi tútù mọ́ títí yóò fi bímọ. Ó gé ẹja, ó gún ata, ó já ewé ẹ̀fìnrìn sí i, òórùn ọbẹ̀ náà sì gba gbogbo ilé. Bó ti ń ro ọbẹ̀ ló ń fi èjìká mú fóònù sétí, ó ń bá ìyá Tàwàkálítù sọ̀rọ̀ ní Satellite Town. Fareedah wà lórí àga ní pálọ̀, ó ń gbọ́.

Alhaja ń sọ fún un pé ìròyìn ayọ̀ kan dé. Ó ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n ṣì ní sùúrù díẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má tíì fún ẹlòmíràn o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí eléyìí máa já sí."

Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, ó bù ú wá pẹ̀lú ẹ̀kọ mímu, ó jókòó tì í. Fareedah jẹ ẹ́. Oúnjẹ kò wù ú, ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ ẹ́, wọn yóò béèrè ohun tó ń ṣe é. Ó lọ sí ilé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ náà kò dáwọ́ dúró. Ní ìgbà kejì, ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀, ó fi orí ti ògiri, ó ń bá ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kó dúró. Kó kàn dúró. Ó ní bó bá dúró títí di oṣù kẹta péré, òun kò ní béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ìrora náà kúrò ní ìsàlẹ̀ ikùn nìkan, ó gun èjìká ọ̀tún lọ. Òógùn bo ojú rẹ̀. Alhaja rí i. Kò dẹ́rù bà á. Ó ní oyún àkọ́kọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú ń ṣí àyè fún ọmọ ni, èjìká yẹn sì jẹ́ bí ó ṣe sùn. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó mú òrí jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní kó dùbúlẹ̀ kí òun bá a fi ọwọ́ ra á díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ṣe fún un nígbà oyún Àṣírù.

Fareedah dùbúlẹ̀. Ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ gbóná, ó sì rọ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà, títí di àárọ̀ ọjọ́ yìí, ọwọ́ náà kò bà á lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rí. Ó di ojú. Bóyá bó bá jẹ́ pé ọwọ́ náà ti dùn mọ́ ọn báyìí tẹ́lẹ̀ ni ìbá ti sọ. Àtẹ́lẹwọ́ náà rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, nǹkan kan sì já nínú rẹ̀ bí okùn.

Kò ké. Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ jìnnà, ó sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà kọ́rídọ̀.

Nígbà tí Alhaja yí i padà, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ikùn náà le bí pákó. Ó pe Àṣírù, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ó tún un pè. Nígbà náà ni arúgbó náà fi ẹsẹ̀ lásán jáde, láìwé gèlè, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn Juliana.

Juliana kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ètè Fareedah ti funfun. Òun àti Ìyá Jùwọ́nlọ gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, wọ́n gbé e sẹ́yìn mọ́tò, Alhaja gbé orí rẹ̀ lé itan. Nígbà yẹn ni Alhaja ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè béèrè.

"Ìgbà wo lẹ̀jẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láàárọ̀."

"Láàárọ̀? O sì jókòó tì mí, o ń jẹja? Kí ló dé tí o kò sọ?"

Fareedah la ojú, ó wò ó.

"Bí mo bá sọ, ẹ̀ bá mú Tàwàkálítù wá."

Epo tún wọ́n lọ́sẹ̀ náà, ìlà mọ́tò tó ń dúró de ilé epo ti gba ìdajì ọ̀nà, Juliana fi ẹ̀gbẹ́ títì rìn, ó ń tẹ họ́ọ̀nù, àwọn ènìyàn ń bú u. Nígbà tí wọ́n yà sí Àmúwò, Fareedah ti dákẹ́. Alhaja ń fi ìka kan imú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mí.

Họ́sípítù aládàáni kan ni, kò tóbi. Dókítà ibẹ̀, Ọlábánjí lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin onírun funfun tí kì í gbé ohùn sókè. Ó bi Fareedah ní ìbéèrè díẹ̀ bó ti ń wá iṣan apá rẹ̀, Fareedah sì ń fi orí dáhùn tàbí kó sọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló ti abẹ́rẹ́ gígùn kan bọ ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló fà jáde. Ó ní oyún náà kò sí nínú ilé ọmọ. Inú túùbù ló há sí, túùbù náà sì ti bẹ́. Bí àwọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀, kò ní rí ìrọ̀lẹ́. Ó béèrè ọkọ rẹ̀, kó wá fọwọ́ sí i.

Àwọn nọ́ọ̀sì dúró. Fóònù Àṣírù kò tíì lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà ní òfin ilé iṣẹ́ àwọn ni pé ọkọ tàbí ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Juliana ní òun yóò fọwọ́ sí i, wọ́n ní ta ni òun. Alhaja na ọwọ́, òrí ṣì ń dán lórí rẹ̀.

"Èmi ni ìyá ọkọ. Ẹ fi yíǹkì sí àtàǹpàkò mi."

Wọ́n gbé Fareedah wọlé. Juliana jókòó sórí àga, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ fún un, ó di ojú, ó ń gbàdúrà ní orúkọ Jésù. Alhaja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Kò sí èyí tó dí ẹnìkejì lọ́wọ́.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ kí Àṣírù tó dé. Bátìrì fóònù rẹ̀ ló ti kú, Ìyá Jùwọ́nlọ ló gun ọ̀kadà lọ bá a ní Mile 2. Eruku sìmẹ́ńtì wà ní apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Kò tíì jókòó tí Dókítà Ọlábánjí fi jáde, tó ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì. Alhaja dìde tẹ̀ lé wọn. Dókítà ní ọkọ nìkan ni òun ń pè. Àṣírù ní kó jẹ́ kí ìyá òun wọlé, kò sí ohun tó pa mọ́ fún ìyá rẹ̀.

Dókítà ní ìyàwó rẹ̀ yóò yè. Alhaja ṣe alhamdulilahi lábẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn ti yọ túùbù ọ̀tún, kò ṣeé gbà là. Ti òsì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpá àtijọ́ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, bí òwú aláǹtakùn. Ó ní kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Irú àpá yẹn a máa wá láti ara oyún tí wọ́n ṣẹ́ níbi tí kò mọ́, tàbí iṣẹ́ abẹ inú, tàbí ibà lẹ́yìn ìbímọ. Òun ti bi í kí àwọn tó kùn ún lóorun: kò ṣẹ́yún rí, wọn kò la inú rẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìsàlẹ̀ ikùn ń ro ó, ara rẹ̀ gbóná, nǹkan sì ń dà lójú ara rẹ̀. Ó ra kápúsù ní kẹ́míìsì, wọ́n ní ibà ni.

"Kòkòrò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," dókítà ní. "Àtọ̀sí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n a gun ilé ọmọ lọ, wọ́n a dé túùbù, wọ́n a sì jó o láti inú. Ẹ̀yin ńkọ́, Alhaji? Ṣé àtọ̀sí ti ṣe yín rí?"

"Rárá."

Ó yá jù. Dókítà tún bi í.

"Kó máa ta yín tí ẹ bá ń tọ̀? Kí nǹkan máa yọ? Kódà kó jẹ́ kí ẹ tó fẹ́ ẹ."

"Rárá o, dókítà. Mi ò gbé irú ayé bẹ́ẹ̀."

Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Dókítà wo tábìlì rẹ̀. Àṣírù náà wo tábìlì. Alhaja ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, àtàǹpàkò tí yíǹkì dúdú wà. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn: láti ọjọ́ tó ti bí Àṣírù ló ti ń fi òwe yìí jẹun.

"Ó ti ṣe é rí," Alhaja ní.

Àṣírù yí ojú padà. "Màmá."

"Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ó wá bá mi nílé, kò lè tọ̀, ó ń sunkún. Èmi ni mo sè àgbo fún un, ìkòkò kan gbáko. Nígbà tí kò ta á mọ́, mo ní ó ti lọ. Mo ní kó má jẹ́ kí ìyàwó gbọ́, kó má baà dójú tì wá."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Má pè mí."

Dókítà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní ìrora lè lọ kí kòkòrò wà níbẹ̀, pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó bá ràn kì í mọ̀ títí yóò fi bà wọ́n jẹ́. Ó ní tọkọtaya ló gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò, kí àwọn méjèèjì sì jọ lo oògùn pọ̀. Ti ọmọ, òun kò ní parọ́ fún wọn. Túùbù tó kù kò ṣeé fi ọkàn tán. Àwọn ibì kan wà ní Èkó báyìí tí wọ́n ń mú ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ níta ara, kí wọ́n tó dá a padà sí ilé ọmọ. Owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani, kò sì dájú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ó ní. Bí wọ́n bá ti wá nígbà tí ó kọ́kọ́ ro ó ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Wọ́n jáde. Fóònù Alhaja dún nínú àpò ìró rẹ̀. Ìyá Tàwàkálítù ni, ó fẹ́ mọ bí ara ìyàwó ṣe rí, àti bóyá kí àwọn ṣì máa retí wọn. Alhaja dúró sáàárín ọ̀nà, ó gbé e sétí níwájú ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má retí wa mọ́. Rárá, ọmọ yín ò ṣẹ̀ mí. Ọmọ tèmi ni ara rẹ̀ ò dá, kò sì tíì wò ó."

Fareedah ti la ojú nígbà tí wọ́n wọ yàrá tó wà. Kò béèrè bóyá oyún náà wà. Ó ti gbé ọwọ́ lé ibi tí wọ́n ti fi báńdéèjì dì, ó sì mọ̀. Àṣírù kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà. Alhaja ló lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, láìfi nǹkan kan bò ó: àìsàn tó ṣe ọmọ rẹ̀, àgbo, ẹnu tó ní kí wọ́n dì.

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó yẹ omi tó ń kán sí Fareedah lára wò, ó jáde.

"Ẹ ti mú mi lọ sọ́dọ̀ àáfà rí, tó fi pàṣán nà mí," Fareedah wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kéré, nítorí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. "Pé kí àlùjànnú jáde lára mi. Ẹ̀yin lẹ dì mí lọ́wọ́ mú. Ẹ sì mọ̀, Màmá?"

"Mi ò mọ̀ pé ìyẹn ló fà á."

Fareedah ń wò ó. Alhaja gbé ojú sílẹ̀.

"Mi ò fẹ́ mọ̀ ni," ó ní.

Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kò lè tán ní èékánná. Orí Fareedah ni wọ́n sì ti ń wò láti ọdún mẹ́fà.

Àṣírù wọlé wàyí. Ó kúnlẹ̀ sórí táìlì, eruku sìmẹ́ńtì ń gbọ̀n lára rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Ó ní ohunkóhun tó bá ní kí òun ṣe ni òun yóò ṣe. Ó fi ọdún púpọ̀ ju Fareedah lọ, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti mọra ni Fareedah ti ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, nínú ìjà àti nínú eré.

"Dìde," ó ní. "Jókòó sórí àga yẹn, kí o sọ ọ́."

"Màmá ti sọ ọ́ fún ẹ."

"Mo ti gbọ́ tiwọn. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ta ni obìnrin náà, ìgbà wo ni, àti ìgbà tí o mọ̀ pé o kó o ràn mí."

Àṣírù wo ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wò ó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀, kí ó lè bá a dáhùn. Alhaja dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyá Jùwọ́nlọ wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó gbé abọ́ oúnjẹ lé itan. Juliana ti sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òwú ní apá. Ìyá Jùwọ́nlọ sún fún Alhaja. Ó ní gbogbo kúlósì ń gbàdúrà. Ó ní wọ́n ń sọ ọ́ pé ojú burúkú ni, pé kò yẹ kí wọ́n ti tètè sọ ọ́ jáde láàárọ̀. Ó wá súnmọ́ ọn, ó ní ṣé dókítà sọ ohun tó fà á, ṣé kì í ṣe àwọn nǹkan tó ti ṣe nígbà ọmọge rẹ̀?

"Kò ṣe nǹkan kan," Alhaja ní. "Ọmọ mi ló kó àtọ̀sí ràn án. Èmi ni mo bò ó mọ́lẹ̀. Bí o bá délé, bí mo ṣe sọ ọ́ yìí ni kí o sọ ọ́ fún wọn."

Ìyá Jùwọ́nlọ tún ìdérí abọ́ oúnjẹ náà dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dé tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ń gbọ́ ohùn Àṣírù láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó lọ sílẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn náà dáwọ́ dúró, wọ́n sì gbọ́ ẹkún Fareedah. Kì í ṣe ẹkún tó pariwo. Ẹkún ẹni tí ojú abẹ kò jẹ́ kó lè mí dáadáa ni, ó ń jáde ní kéékèèké. Ìyá Jùwọ́nlọ gbé abọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ dìde lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Alhaja na ọwọ́, ó fi dí i lọ́nà.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kó sun ún."